Ta Ni Ó Ni Iṣu Ọdún? Ìtàn Ọdún Ìjẹṣu ní Ilẹ̀ Yorùbá

Nígbà tí Ẹ̀ka yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn ọdún ìbílẹ̀ wa, mo rò pé iṣẹ́ náà kò ní le. Iṣu ni mo yàn, nítorí pé ta ni ọmọ Yorùbá tí kò mọ iṣu? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń to ọ̀rọ̀ jọ, ìbéèrè kan dìde tí n kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè náà ni mo fi ṣe àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ń lò fún ohun méjì tí ọ̀pọ̀ èdè mìíràn yà sọ́tọ̀. A ní ọmọ kan ti pé ọdún mẹ́wàá. A tún ní ìlú ń ṣe ọdún. Ọdún tí a ń kà àti ọdún tí a ń ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Èyí kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Kí ìwé kàlẹ́ńdà tó dé, ohun tí ó ń fi han àgbẹ̀ pé ọdún ti yí po ni pé iṣu titun tún ti jáde. Ẹni tí ó bá jẹ iṣu titun ti la ọdún já. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá ń ṣe ìwádìí lórí ìtàn ọdún ìjẹṣu fi ń ṣe ìwádìí lórí bí àwọn baba wa ṣe ń ka ìgbà.

Iṣu funfun, èyí tí a fi ń gún iyán, kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí wọ́n yẹ ohun àjogúnbá inú iṣu wò gbé èsì ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ní irú iṣu kan tí ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó ni baba ńlá iṣu funfun, àti pé agbègbè odò Ọya, láàárín ìlà-oòrùn Gánà àti ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ni ó jọ pé àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn. Àwọn mìíràn ti tún tọpinpin ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì rò pé irú iṣu igbó méjì ni ó dà pọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: òkè òkun ni àwọn méjèèjì ti wá, lẹ́yìn tí àwọn ará Yúróòpù ti dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1492. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí ó ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ìtàn ni ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe àwàdà lásán. Iṣu ni a fi gún iyán, èlùbọ́ iṣu ni a fi ro ọkà, wọ́n sì jókòó sí òkè. Àgbàdo àlejò ni gúgúrú, ó sì wà ní ìdí tábìlì. Ẹ̀kọ nìkan ni ó lè jiyàn, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí a ti máa fi ọkà bàbà ṣe é kí àgbàdo tó dé.

Òfin tí ó de ẹ̀gbodò

Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní bí ó ṣe ń ṣe ọdún tirẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ẹ̀gbodò ni orúkọ rẹ̀, àwọn babaláwo sì ni wọ́n ń ṣíwájú, nítorí pé Ifá gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣu kí ẹnu ènìyàn tó kàn án. William Bascom, tí ó gbé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ nípa rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì àti Àkókó, ìjẹṣu ni a ń pè é. Ní ibòmíràn, a so ó pọ̀ mọ́ ọdún Ògún, tàbí mọ́ ọdún òrìṣà tí ó ni ìlú. Láàárín oṣù Òkúdù sí oṣù Ọ̀wẹwẹ ni gbogbo rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí. N kò ní to orúkọ gbogbo wọn fún yín. Ohun tí ó jọ gbogbo wọn ni òfin kan: a kò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀gbodò, a kò sì gbọdọ̀ gbé e wọ ọjà, títí a ó fi ṣe ọdún.

Àwọn ajíhìnrere ìgbàanì pe òfin yìí ní ẹ̀rù òrìṣà. Àwọn onímọ̀ tí ó wá lẹ́yìn wọn wò ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. D. G. Coursey, tí ó kọ ìwé ńlá lórí iṣu ní 1967, tún bá aya rẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1971 lórí àwọn ọdún iṣu titun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì so òfin náà mọ́ ìtàn iṣẹ́ ọ̀gbìn iṣu fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ ebè rí yóò mọ ìdí rẹ̀. Iṣu tí kò tíì gbó kún fún omi. Bí a bá gún un, kò ní fà. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, yóò jẹrà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, iṣu ni a fi ń gbin iṣu. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí nínú mẹ́ta ohun tí a bá wà ni a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún èbù ọdún tí ń bọ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá mọṣẹ́ yóò wa iṣu àkọ́wà jẹ́jẹ́, yóò gé e kúrò lára orí rẹ̀, yóò sì fi erùpẹ̀ bo gbòǹgbò padà, kí ewé tí ó ṣì tutù lè tún ta àwọn iṣu kéékèèké tí a ó fi ṣe èbù. Ẹni tí ebi bá mú kánjú wa iṣu ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú àkókò kò jẹ iṣu ọdún yìí nìkan, ó ti jẹ ti ẹ̀ẹ̀mí-ìn náà.

Gbogbo èyí ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu nínú rẹ̀, láti ìgbà èwe mi sì ni.

Nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo bá ìyá àgbà mi lọ sí oko ní òpin oṣù Òkúdù. Àkókò ọ̀wọ́n ni; iṣu ọdún tí ó kọjá ti tán nílé wa, gàrí ni a ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Nínú abà, ìyá àgbà wa iṣu titun kan, ó sun ún, ó sì bu epo sí i. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, “Ìyá àgbà, wọn ò tíì ṣe ọdún. Ṣé nǹkan ò ní ṣe wá?” Ó dá mi lóhùn pé, “Ìlú ni òfin wà, ọmọ mi. Oko ni àwa wà.” Ó tún ní kí n nu ẹnu mi dáadáa kí a tó dé ẹnu odi.

Mo ti bi ọ̀pọ̀ àgbàlagbà léèrè láti ìgbà náà, ní ìlú bí i mẹ́fà. Púpọ̀ nínú wọn rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni, a ń jẹ ẹ́ ní oko. Ohun tí a kì í ṣe ni kí a gún un nílé, kí odó máa dún kí gbogbo àdúgbò gbọ́. A kì í sì í gbé e lọ sí ọjà. Nítorí náà, òfin náà kò de ẹnu bí ó ti de ojúko. Ohun tí ó de ni jíjẹ ẹ̀gbodò ní gbangba àti títà á.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tí òfin ọjà ń ṣe láǹfààní. Ẹ fojú inú wo ìlú kan ní oṣù Agẹmọ. Ọlọ́rọ̀ tí ó ní ìwọ̀fà àti ọ̀pọ̀ ọmọ ṣì ní iṣu àtijọ́ nínú ọgbà rẹ̀. Bí ẹ̀gbodò kò bá tíì wọ ọjà, iye tí ó bá wù ú ni yóò pè. Aláìní tí iṣu rẹ̀ ti tán láti oṣù Igbe ni ó ń dúró de ọdún bí ẹni ń dúró de òjò. Ọjọ́ tí a bá dá ọdún sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrìṣà nìkan: bí a bá dá a síwájú, aláìní yóò mí, bí a bá dá a sẹ́yìn, èrè ọlọ́rọ̀ yóò pọ̀ sí i. Lójú tèmi, a kò lè lóye agbára tí ọba àti àwọn ìjòyè ní láti dá ọjọ́ ọdún bí a kò bá rántí èyí. N kò sọ pé àwọn olóyè fi ọdún ìjẹṣu rẹ́ mẹ̀kúnnù jẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin tí ó pa èbù mọ́ fún gbogbo ìlú ni ó tún pa owó mọ́ fún àwọn díẹ̀, àti pé ìyá àgbà mi, tí kò ka ìwé rárá, mọ ibi tí òfin náà ti ní ihò.

Òwe wa kan sọ pé bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Ọdún ìjẹṣu lòdì sí òwe yìí pátápátá. Ọjọ́ kan nínú ọdún ni a sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ bo iṣu rẹ̀. Kí a gún un ní gbangba, kí ilẹ̀kùn ṣí, kí àlejò wọlé jẹun láìjẹ́ pé a pè é. Bí ọlọ́rọ̀ bá jèrè ní oṣù Agẹmọ, a ó rí i pé ó ná díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún.

Iṣu tí ó kọjá òkun

Ní Èjìgbò, Ògìyán ni oyè ọba, àwọn tí ó mọ ìtumọ̀ orúkọ sì sọ pé ẹni tí ń jẹ iyán ni. Òṣàgìyán ni òrìṣà ìlú náà. Nígbà ọdún rẹ̀, àwọn ará àdúgbò méjì ìlú a máa fi pàṣán na ara wọn, lẹ́yìn náà ni ìrẹ́pọ̀ àti oúnjẹ yóò dé. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó di babaláwo ní Kétu ní 1953 tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, rí ọdún yìí ní Èjìgbò. Ó sì tún rí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́, ní ìlú Salvador ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Níbẹ̀, nínú àwọn ilé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní ti Kétu, a ń ṣe ọdún kan tí à ń pè ní Pilão de Oxaguiã, èyí ni Odó Òṣàgìyán. Iṣu tí a gún ni a ń pín fún àwọn tí ó wá, òrìṣà sì ń fi ọ̀pá àtòrì tẹ́ẹ́rẹ́ kan àwọn ènìyàn lára jẹ́jẹ́. Ìjà pàṣán Èjìgbò ti di ìbùkún.

Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni pé àwọn tí ó gbé e lọ kò gbé èbù kan lọ́wọ́. Nínú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n bá lọ. Wọn kò ní oko, wọn kò sì ní ọba tí yóò dá ọjọ́ ọdún. Síbẹ̀, odó àti iyán kò parẹ́. Kò sí ẹ̀rí tí ó dára ju èyí lọ pé oúnjẹ lè di ìrántí fún ẹni tí a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkórè

Àwọn Kristẹni ìṣáájú kò fẹ́ bá àwọn ará ìlú dúró de ìrúbọ kí wọ́n tó jẹ iṣu, ọ̀rọ̀ sì máa ń di ìjà nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìjọ kò lè fi àyè ọdún sílẹ̀ lófo. Ìdúpẹ́ ìkórè ni wọ́n fi dí i. Ọ̀pọ̀ wa ni ó rò pé ìkórè jẹ́ àṣà àtayébáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Lóòótọ́ ni àwọn àgbẹ̀ wọn ní àjọyọ̀ tiwọn látijọ́, ṣùgbọ́n ìsìn ìkórè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí, ọdún 1843 ni àlùfáà kan tí ń jẹ́ Robert Stephen Hawker dá a sílẹ̀ ní Morwenstow, ní Cornwall. Nínú ọdún 1843 kan náà yìí ni Henry Townsend kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ ni ìsìn ìkórè Gẹ̀ẹ́sì àti iṣẹ́ ìhìnrere ní Abẹ́òkúta; ọdún kan náà ni a bí wọn.

Àwọn Yorùbá gba ìkórè tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Iṣu ni a ń tò síwájú pẹpẹ, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrèké; lẹ́yìn ìsìn, a ó tà wọ́n ní gbàǹjo, ọlọ́lá yóò sì ra iṣu kan ní iye tí ó lè ra ẹrù iṣu kan lọ́jà. Ẹ wò ó dáadáa: ọlọ́rọ̀ tún ń náwó ní gbangba lórí iṣu. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí owó náà ń lọ.

Kòkó, sóò àti ọ̀gbàrá epo

Kòkó ni ó kọ́kọ́ ba ọjọ́ ọdún jẹ́. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó ti ń tàn kálẹ̀ nínú igbó wa, nígbà tí ó sì di àárín ọ̀rúndún ogún, òun ni ó ń fún ilé ní owó. Láti oṣù Ọ̀wàrà dé oṣù Ọ̀pẹ ni owó kòkó ń wọlé. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ilé kíkọ́, gbogbo wọn kó lọ bá owó náà, Kérésìmesì sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ọdún ìjẹṣu kù sílẹ̀ ní àkókò tí kò sí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú kó ipa tirẹ̀. Àwọn Àgùdà tí ó ti Bùràsíìlì padà wá wà lára àwọn tí ó mú kí gàrí gbajúmọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ̀gẹ́ kò sì ní òfin, kò ní ọdún, kò ní òrìṣà tí ń dúró dè é. Ìgbà tí ó bá wu ènìyàn ni yóò fà á tu. Ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là, ìyá àgbà mi náà á jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n ó mú eyín ẹnu àkókò ọ̀wọ́n kúrò, ó sì mú ìdùnnú ẹ̀gbodò dínkù pẹ̀lú rẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá oko ìwádìí Moor Plantation sílẹ̀ ní Ìbàdàn, nígbà tí ó sì yá, sóò àgbẹ̀ dé. Mo rí ọ̀kan nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n to iṣu sórí tábìlì, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn lára, ọ̀gá kan tí ó wọ ṣòkòtò péńpé sì ń fi okùn wọ̀n wọ́n. Àbúrò baba mi gba ẹ̀bùn àdá àti ọkọ́ titun méjì. Títí ó fi kú ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n bu ẹnu àtẹ́ lu sóò àwọn òyìnbó, pé kò sí ìrúbọ níbẹ̀, pé bí iṣu ṣe tóbi tó ni wọ́n ń wò láìbéèrè bóyá ó ṣeé gún. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣe é tọkàntọkàn, nítorí pé wọ́n pe orúkọ àgbẹ̀ kan sókè lọ́jọ́ náà, orúkọ àti oko rẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, owó epo rọ̀bì dé, àwọn ọ̀dọ́ sì kúrò lóko. Ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ti 1968 sí 1969 ti fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ gbà pé ìjọba ń bu èso iṣẹ́ wọn jẹ. Ní oṣù Èbìbí 1976, ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ ètò tí a pè ní Operation Feed the Nation, a sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sí oko nígbà ìsinmi. Mo wà lára wọn. Mo kọ ebè mọ́kànlá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àgbẹ̀ tí a fi wá sábẹ́ rẹ̀ sì tún gbogbo wọn kọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Ọkọ̀ àti ọkọ́

Nàìjíríà ṣì ni ó ń mú èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú iṣu gbogbo àgbáyé jáde. Ṣùgbọ́n agbègbè Bẹ́núé àti àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ọjà Zaki Biam sì ni orúkọ tí àwọn oníṣòwò iṣu mọ̀ jù. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Iṣu àwọn Tífì dára, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì yẹ fún ìyìn. Ọ̀rọ̀ mi wà lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọdún wa.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n pè mí sí ọdún ìjẹṣu ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Ìlú náà ti sọ ọdún yìí jí lẹ́yìn ọdún púpọ̀, inú mi sì dùn láti lọ. Àgọ́ pọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dún, àwọn ilé iṣẹ́ tí ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́ gbé àkọlé wọn kọ́. Àwọn ọlọ́lá jókòó sí iwájú. Kábíyèsí gé iṣu, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn àgbẹ̀. Ẹ̀yìn àgọ́ ìkẹyìn ni mo ti rí wọn, wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, oòrùn ń pa wọ́n. Mo kí àgbàlagbà kan nínú wọn, mo sì béèrè pé, “Bàbá, oko ta ni a ti wa iṣu tí Kábíyèsí gé?”

Ó wò mí pẹ́. Ó ní, “Ọkọ̀ ni ó gbé e wá, àbúrò mi. Ọkọ́ wa kò mọ̀ ọ́n.”

Nígbà tí mo padà délé, mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ọdún náà. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀bẹ̀ fún: pé ní ọdún tí ń bọ̀, kí iṣu tí a ó gé jẹ́ èyí tí a wà ní ilẹ̀ ìlú, kí ẹni tí ó gbìn ín gbé e wá fúnra rẹ̀, kí a sì pe orúkọ rẹ̀ kí a tó pe ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n fèsì pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n ní àbá náà dára, ṣùgbọ́n ìwé ètò ọdún tí ń bọ̀ ti wà ní ilé ìtẹ̀wé.

Mo fi èsì náà han bàbá àgbẹ̀ yẹn nígbà tí mo kọjá ní oṣù Bélú. Ó ní òun ti gé èbù òun ná, òun sì ti ya ebè ogún sọ́tọ̀ ní etí odò, níbi tí iṣu ti máa ń tètè gbó.